Àgbákò tí Kò Kọjá: Lórí Orúkọ àti Òṣùwọ̀n Àrùn PTSD ní Èdè Yorùbá

1. Ìfáárà

Kí á mú àpẹẹrẹ kan tí a fi ọkàn rò, tí kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ obìnrin kan ń gbé ní Ìkòyí, ní ilẹ̀ Ìjùmú, láàrin àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń ti Kábà bọ̀, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n sì kó èrò inú rẹ̀ wọ igbó lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó lò lọ́wọ́ wọn kí ó tó padà wálé. Ìyá rẹ̀ wà nílé ní gbogbo ọjọ́ náà, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ajínigbé lórí fóònù bí wọ́n ti ń dá iye owó lé ẹ̀mí ọmọ rẹ̀. Ẹnìkẹta ni ọmọ ìlú wọn kan tí ó ń gbé ní Èkó, tí kò mọ olùkọ́ náà ju orúkọ lọ, ṣùgbọ́n tí ó rí fídíò tí àwọn ajínigbé fi ránṣẹ́, tí ó sì wò ó ní àwòtúnwò. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, kò sí èyí tí ń sùn dáadáa nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo nínú wọn ni ó ní àrùn tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń pè ní PTSD?

Ìbéèrè yìí lè dà bí ohun tí ó yẹ kí á fi sílẹ̀ fún àwọn dókítà nìkan. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà fúnra wọn kò fẹnu kò lórí ìdáhùn rẹ̀ láti ọdún 1980 tí orúkọ náà ti wọ ìwé wọn. Àwọn kan ní ilẹ̀kùn rẹ̀ ti fẹ̀ jù. Àwọn mìíràn ní ó ti há jù. Àwọn kan tilẹ̀ ní kò yẹ kí ilé náà wà rárá. Olùkọ́ èdè tàbí olùtumọ̀ tí ó bá fẹ́ fún àrùn náà ní orúkọ Yorùbá kò lè yẹ awuyewuye yìí sílẹ̀, nítorí pé orúkọ àrùn jẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ní kúkúrú. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a kò bá mọ ohun tí ó wà nínú ilé, orúkọ tí a óò sọ ọmọ náà yóò máa tan àwọn tí ń pè é jẹ.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé kì í ṣe títóbi ìjàǹbá, kì í sì í ṣe iye àmì tí a lè kà lára ènìyàn, ni ó ń fi àrùn yìí hàn ní ojúlówó. Ohun tí ó ń fi í hàn ni pé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kọ̀ láti di àná: ẹni tí ó ń ṣe ń tún un pàdé bí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Orúkọ tí a óò fún un ní Yorùbá gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ó tó sọ ohun mìíràn.

2. Orúkọ náà kéré lọ́jọ́ orí ju àrùn lọ

Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ó kọ́kọ́ fi tipátipá mú àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì wá orúkọ fún ohun tí ń ṣe àwọn ọmọ ogun. Ní oṣù Kejì ọdún 1915, Charles Myers kọ̀wé nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ó sì lo orúkọ kan tí a lè túmọ̀ sí ìmìtìtì bọ́ǹbù. Èrò ìgbà náà ni pé ariwo àti agbára bọ́ǹbù ni ó mi ọpọlọ jìgìjìgì. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé àwọn tí bọ́ǹbù kò bú nítòsí wọn rí náà ń gbọ̀n, wọn kò lè sọ̀rọ̀, wọn kò sì lè sùn. Orúkọ ti ṣáájú òye, ó sì ti ṣi òye lọ́nà. Ní 1917, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà ní kí a má ṣe lo orúkọ ìmìtìtì bọ́ǹbù lójú ogun mọ́. Wọ́n ní kí a kàn kọ ọ́ pé àìsàn iṣan tí a kò tíì dá mọ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí. Nínú ogun náà, ọmọ ogun 306 ni ilé-ẹjọ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ní kí a yìnbọn pa nítorí ìsáfógun, ìwà ojo àti irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà lónìí pé àwọn tí ìpayà ti ba ọkàn wọn jẹ́ wà láàrin wọn. Ìgbà tí ó di 2006 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dárí jì wọ́n, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọn pàápàá ti kú. Ọ̀rọ̀ tí ó dúró láàrin ẹni tí a óò tọ́jú àti ẹni tí a óò pa ni ọ̀rọ̀ bí ‘aláìsàn’ àti ‘ojo’.

Ogun Vietnam ni ó bí orúkọ tí a ń lò títí di òní. Ní 1972, Chaim Shatan, oníṣègùn ọpọlọ kan ní New York, kọ̀wé nípa ohun tí ń ṣe àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n padà sílé. Òun àti Robert Lifton pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti jagun náà rọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà títí tí wọ́n fi gba àrùn náà wọlé sínú ẹ̀dà kẹta ìwé òṣùwọ̀n wọn, DSM, ní 1980. Àwọn alátakò kò yé sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó bí orúkọ náà. Òótọ́ ni pé òṣèlú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí agbẹ̀bí kan bá ti ìdí òṣèlú wá, ìyẹn kò sọ pé ọmọ kò sí.

Nílé wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jà ní Burma nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun abẹ́lé jà láti 1967 sí 1970. Ní ilẹ̀ Okun gan-an, ogun Núpé láti Bídà fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ènìyàn lẹ́rú nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn ìlú sì ń fi ọmọ wọn san ìsákọ́lẹ̀, títí Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Orúkọ PTSD kò sí nígbà gbogbo èyí. Àìsí orúkọ kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé àrùn kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tọ́ kí á padà sẹ́yìn kí á máa lẹ orúkọ tuntun mọ́ gbogbo ẹni tí ogun lé kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wọ̀nyí tún ilé kọ́, wọ́n dáko, wọ́n sì sin òkú wọn bí ó ti yẹ. Ìyà jẹ wọ́n. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ìyà náà sọ di aláìsàn.

3. Awuyewuye lórí òṣùwọ̀n

Ibi tí ìjà ti le jù ni ẹnu ọ̀nà: irú ìṣẹ̀lẹ̀ wo ni ó lè fa àrùn yìí? Ìwé 1980 béèrè ohun tí ó lè ba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́kàn jẹ́. Àtúnṣe 1987 sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó kọjá ìrírí tí ó wọ́pọ̀ fún ọmọ ènìyàn. Gbólóhùn kejì yìí dára létí ẹni tí ń gbé ní ìlú tí ó tòrò. Kí á gbé e wá sí ilẹ̀ Okun kí á sì wò ó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2021, àwọn agbébọn fi ohun ìbúgbàmù ya ọgbà ẹ̀wọ̀n Kábà, ẹlẹ́wọ̀n 240 sì sá jáde gẹ́gẹ́ bí iye tí a kéde nígbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n kọ lu ìjọ Christ Apostolic Church ní Erúkú, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, nítòsí ààlà ilẹ̀ Okun, wọ́n sì kó olùjọ́sìn 38 lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n rí ìtúsílẹ̀. Bí a bá wá sọ pé ìjínigbé ti wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà, ṣé àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí kò tún ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ àrùn mọ́ ni? Bí ewu ti ń pọ̀ sí i ní ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláìsàn yóò máa dín kù nínú ìwé! Òṣùwọ̀n tí ó bá fi wíwọ́pọ̀ ìyà sọ ìyà di asán kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Àwọn tí wọ́n ṣe àtúnṣe 1994 yọ gbólóhùn náà kúrò. Wọ́n fi ẹni tí ó gbọ́ pé ohun búburú ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó sún mọ́ ọn kún un, wọ́n sì ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù, àìlólùrànlọ́wọ́ tàbí ìríra bá a lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù 11 oṣù Kẹsàn-án 2001 ní New York, ìbéèrè tuntun dìde nípa àwọn tí ó jẹ́ pé orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ti rí i. Richard McNally ti Yunifásítì Harvard wà lára àwọn tí wọ́n kìlọ̀ pé bí a bá kó ẹni tí a dá lóró àti ẹni tí ó gbọ́ ìtàn oró náà sínú agbọ̀n kan ṣoṣo, a kò ní lè mọ ohun tí ó ń fa àrùn mọ́. Ní 2013, ẹ̀dà karùn-ún DSM ti ilẹ̀kùn díẹ̀: ohun tí a rí lórí ẹ̀rọ tàbí nínú àwòrán kò tó, àfi bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ẹni ni ó gbé e ko ni lójú. Ó sì yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ojú ẹsẹ̀ kúrò, nítorí pé àwọn kan wà tí ẹ̀rù kò bà nígbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n ṣe, tí àrùn sì dé lẹ́yìn.

Ìjà kejì jẹ́ ti iye àmì. Ogún ni àmì tí ìwé 2013 kà, ó sì pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ní ọdún yẹn kan náà, Galatzer-Levy àti Bryant ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà 636,120 ni ènìyàn lè gbà ní àrùn kan ṣoṣo yìí. Ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ àrùn kan náà kí ohun tí ń ṣe wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má jọra rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba ọ̀nà mìíràn nínú ẹ̀dà kọkànlá ìwé tirẹ̀, ICD, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2022. Ohun mẹ́ta péré ni ó ń béèrè: kí ènìyàn máa tún ìṣẹ̀lẹ̀ náà rí bí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìsinsìnyí, kí ó máa yẹra fún ohun gbogbo tí ó lè rán an létí, kí ara rẹ̀ sì máa wà lójúfò bí ẹni pé ewu kò tíì lọ. Ó fi kún un pé ó gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó sì dí ìgbé ayé onítọ̀hún lọ́wọ́ gan-an.

Ìjà kẹta ni ti àwọn tí wọ́n ní àrùn náà kò sí. Derek Summerfield kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì ní 2001 pé ṣe ni a kàn gbé orúkọ náà dìde láti sọ ìyà ogun di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó yẹ kí Yorùbá gbọ́. Ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ nílò ilé. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù nílò ìdájọ́ òdodo. Kò yẹ kí a fi ìwé dókítà rọ́pò méjèèjì. Síbẹ̀, àwọn ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi hàn pé nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó ń rí ìjàǹbá ńlá láyé wọn, ṣùgbọ́n nǹkan bí 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó rí i ni àrùn yìí ń mú. Iye yìí bá ẹgbẹ́ méjèèjì wí. Kò lè jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ìyà jẹ ni ó ń ṣàìsàn. Kò sì lè jẹ́ pé ìyà lásán ni ohun tí ń ṣe ìwọ̀nba ènìyàn wọ̀nyí, nígbà tí àwọn tí ojú wọn jọ rí i ti ń padà bọ̀ sípò.

4. Ìbẹ̀rù ọlọ́gbọ́n àti ìbẹ̀rù àrùn

Ohun kan wà tí àwọn ìwé òkèèrè kò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́, tí ó sì ṣe kókó fún ẹni tí ń gbé ní Ìkòyí. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ pé ‘lẹ́yìn’ ìjàǹbá ni. Ó gbà pé ìjàǹbá ti parí. Níbi tí àwọn agbébọn ṣì wà nínú igbó, ‘lẹ́yìn’ kò tíì dé. Bí olùkọ́ inú àpẹẹrẹ wa bá kọ̀ láti gba ojú ọ̀nà Kábà ní alẹ́, kò sí àrùn níbẹ̀, ọgbọ́n ni. Bí ó bá ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe rí náà ń tì í. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Ṣùgbọ́n bí ejò bá pọ̀ nínú oko, ta ni yóò bú u pé ó sá?

Nítorí náà, a kò lè fi ìṣọ́ra nìkan dá àrùn mọ̀ níbi tí ewu wà. Ohun tí ó yẹ kí á wò ni bóyá ìbẹ̀rù náà mọ ibi tí ewu wà àti ibi tí kò sí. Ká ní ọkọ̀ alùpùpù kan tú èéfín pẹ̀lú ariwo ní ọ̀sán gangan, ní àárín ọjà Ìkòyí. Gbogbo ènìyàn a fò díẹ̀, wọ́n a sì rẹ́rìn-ín. Bí olùkọ́ náà bá wà lábẹ́ tábìlì aláta, tí òórùn ewé igbó ń kún imú rẹ̀, tí kò gbọ́ bí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀, kò sí ní ọjà mọ́. Ó ti padà sínú igbó. Kì í ṣe pé ó rántí. Ìrántí a máa jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ohun tí òun ń rántí ti kọjá. Ìyàtọ̀ láàrin kí ènìyàn rántí igbó àti kí ó tún wà nínú igbó ni ìyàtọ̀ láàrin ìbànújẹ́ àti àrùn yìí.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni ó yà á kúrò lára ọ̀fọ̀. Kí òkú wá sí ojú àlá ọmọ rẹ̀ kì í ṣe àrùn lójú Yorùbá, kò sì yẹ kí ó jẹ́ àrùn lójú dókítà. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ jí pẹ̀lú ìtùnú. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ti ẹni tí ń rí ikú náà gan-an lóru, tí ó ń gbọ́ ìbọn, tí ó sì ń jí pẹ̀lú òógùn àti igbe.

5. Orúkọ wo ni kí á pè é?

Bí a bá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò jáde ni ‘rúdurùdu ìnira lẹ́yìn ọgbẹ́’. Kò sí aláìsàn tí yóò gbọ́ èyí tí yóò mọ̀ pé òun ni à ń bá wí. Ẹni tí ó gé lẹ́sẹ̀ ni yóò rò pé a ń pè.

‘Àrùn ọpọlọ lẹ́yìn ìjàǹbá’ ni àwọn kan ń sọ. Àléébù méjì ni ó ní. Èkíní, létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àrùn ọpọlọ kò yàtọ̀ sí wèrè. Ẹni tí a bá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ kò ní padà wá sí ilé ìwòsàn mọ́. Èkejì, ó fi àkókò nìkan dá àrùn mọ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì, ọ̀fọ̀ tí kò tán, àti ìmukúmu ọtí náà lè dé lẹ́yìn ìjàǹbá.

‘Ọgbẹ́ ọkàn’ dùn létí, ó sì ti wà lẹ́nu àwọn oníwàásù àti àwọn oníròyìn. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù. Ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ ní ọgbẹ́ ọkàn. Ẹni tí wọn kò gbà sí yunifásítì ní ọgbẹ́ ọkàn. Ó yẹ kí á fi í sílẹ̀ fún ohun tí ìjàǹbá ń ṣe sí ọkàn ní gbogbogbòò, yálà ó di àrùn tàbí kò dì í. ‘Àrùn ìpayà’ há jù ní tirẹ̀, nítorí pé ó sọ gbogbo rẹ̀ di ẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ ìtìjú, ìbínú tàbí ẹ̀bi ni ó ń jẹ àwọn mìíràn lọ́kàn. Ó tún lè dàpọ̀ mọ́ àrùn mìíràn nínú èyí tí àyà ènìyàn máa ń já láìsí ìdí.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà àrùn yìí ju gbogbo wọn lọ: àgbákò. Kì í ṣe gbogbo ìṣòro ni àgbákò. Ẹni tí gbèsè ń dà láàmú kò ko àgbákò. Ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ kọ̀ kò kò ó. Àgbákò ni ohun búburú tí ènìyàn pàdé, tí ó lè gba ẹ̀mí tàbí sọ ara di aláàbọ̀. Kò béèrè bóyá ohun náà wọ́pọ̀ tàbí kò wọ́pọ̀. Nínú rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ‘kò’, tí ó túmọ̀ sí pàdé lójúkojú. Bí èdè wa sì ti ń ṣẹ̀dá ‘àwítúnwí’ láti ara ‘wí’, àti ‘àkàtúnkà’ láti ara ‘kà’, bẹ́ẹ̀ ni a lè ṣẹ̀dá ‘àkòtúnkò’ láti ara ‘kò’. Àrùn àkòtúnkò-àgbákò ni àrùn ẹni tí ó ko àgbákò lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì ń tún un kò lójoojúmọ́. Ní kúkúrú, a lè pè é ní àkòtúnkò.

Orúkọ yìí gbé òṣùwọ̀n méjèèjì dání. Ó béèrè àgbákò, ó sì béèrè pé kí onítọ̀hún máa tún un kò. Bí ọ̀kan kò bá sí, orúkọ kò bá a mu. Kò pe aláìsàn ní ojo, kò sì pè é ní wèrè.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ náà mú ọ̀kan nínú àmì mẹ́ta, ó sì fi ìyẹra àti ìfura sílẹ̀. Ìdáhùn ni pé àwọn méjèèjì ń tẹ̀lé èkíní bí òjìji. Ẹni tí ń tún àgbákò kò ni ó ń sá fún ohun tí ó ń gbé e wá. Òun ni ara rẹ̀ sì ń ṣọ́nà. Ìyẹra àti ìfura láìsí àkòtúnkò lè jẹ́ ọgbọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. Ẹlòmíràn lè béèrè nípa oríṣi kejì tí ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé yà sọ́tọ̀, tí ó sábà máa ń bá àwọn tí a fìyà jẹ fún ìgbà pípẹ́ tí wọn kò sì rọ́nà lọ. Ní ti irú èyí, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, ṣùgbọ́n onítọ̀hún kò lè kó ìbínú tàbí ìbànújẹ́ rẹ̀ ní ìjánu mọ́, ó ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò, kò sì lè bá ènìyàn gbé. ‘Àkòtúnkò alápá-púpọ̀’ lè gba ipò yìí láìba orúkọ àkọ́kọ́ jẹ́.

6. Iṣẹ́ àwọn olùtumọ̀

Orúkọ nìkan kò tó. Ìwé ìbéèrè ni àwọn olùwádìí sábà fi ń dá àrùn yìí mọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ìtumọ̀ ti ń sọ alára dídá di aláìsàn. Bí a bá béèrè pé, ‘Ǹjẹ́ ẹ máa ń rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín?’ kò sí ẹni tí a jí gbé tí yóò sọ pé òun kò rántí. Ohun tí ó yẹ kí á béèrè ni, ‘Ǹjẹ́ ó máa ń ṣe yín bí ẹni pé ẹ tún wà níbẹ̀ nísinsìnyí?’ Bí a bá béèrè pé, ‘Ǹjẹ́ ẹ jìnnà sí àwọn ènìyàn?’ àgbàlagbà kan ní Ìkòyí lè dáhùn pé rárá, ilé òun kò jìnnà sí ọjà. Ó sàn kí á béèrè pé, ‘Ǹjẹ́ ara yín ṣì máa ń yá mọ́ ènìyàn bí ti tẹ́lẹ̀?’

Ó tún yẹ kí á tẹ́tí sí ohun tí ara ń sọ. Ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn ní ilẹ̀ wa kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrònú wọn. Wọ́n a ní orí àwọn ń gbóná, tàbí ohun kan ń rìn nínú orí àwọn, tàbí àyà àwọn ń já. Olùtumọ̀ tí kò bá mọ èyí yóò rán wọn lọ ra oògùn ibà. Lambo, tí ó dá ètò abúlé Arò sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1954, gbà pé a kò lè tọ́jú ènìyàn kúrò láàrin àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè rẹ̀. Ìwádìí tí òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Cornell ṣe láàrin àwọn Yorùbá, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1963, wá mọ ohun tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń pè ní àrùn. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ni láti máa bá ọ̀nà yẹn lọ.

7. Ìkádìí

Kí á padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta tí a fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ náà ko àgbákò, kò sí àní-àní. Bí ó bá ń padà sínú igbó náà láàrin ọjà tàbí níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ń bàjẹ́, àkòtúnkò ni. Bí ó bá ń sunkún tí ó sì ń ṣọ́ra, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ mẹ́fà náà ti di ohun tí ó kọjá, kò ní àrùn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ohun búburú náà ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá rẹ̀ kò wọ igbó, ṣùgbọ́n ikú dúró lórí ọmọ rẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn ikú náà pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Bí fóònù bá dún lónìí tí ó bá tún bá ara rẹ̀ nínú ọjọ́ ìdúnàádúrà, tí ó ń gbọ́ ohùn àwọn ajínigbé nígbà tí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, àkòtúnkò ni tirẹ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó sọ fún un pé òun kọ́ ni wọ́n gbé. Ní ti ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó, ọkàn rẹ̀ dàrú, oorun rẹ̀ kò sì pé. Ó tọ́ kí á tù ú nínú, kí ó sì rí oníṣègùn bí ó bá pẹ́. Ṣùgbọ́n àwòrán ni ó wò. Kò ko àgbákò. Orúkọ mìíràn ni kí á wá fún ohun tí ń ṣe é.

Kì í ṣe ìdíje ìyà ni èyí. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí gbayawu, olùkọ́ Ìkòyí yóò wà lẹ́yìn ìlà gígùn. Bí a bá tì í pa, wọn a ní ojo ni, tàbí kí á máa bá ọ̀tá ilé jà nítorí rẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2023 ti lé òfin àtijọ́ tí ń pe aláìsàn ní wèrè lọ. Ó kù kí èdè náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tí ó dára ju àkòtúnkò lọ, kí ó mú un jáde. Ohun tí kò yẹ ni kí á fi ọmọ náà sílẹ̀ láìní orúkọ, tàbí kí á sọ ọ́ ní orúkọ ọmọ ẹlòmíràn.